Irun Kòkànyín

Ogún ọdún ni mo ti ń fọ irun orí èèyàn, tí mo ń dì í, tí mo ń nà án. Ajá kan tí kò tóbi ju ọmọ jòjòló lọ ló wá sọ mí di ọ̀gbẹ̀rì nínú iṣẹ́ ara mi. Bí ẹ bá fẹ́ rẹ́rìn-ín, ẹ rẹ́rìn-ín. Èmi náà ì bá rẹ́rìn-ín ká ní ilé ẹlòmíràn ló ti ṣẹlẹ̀.

Kòkànyín lorúkọ ajá náà. Màámi ló sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Nígbà tí bàbá wa kú, tí èmi àti àbúrò mi ọkùnrin sì ti kúrò nílé, màámi lọ ra ajá kékeré kan, funfun, tí irun rẹ̀ gùn débi pé ó ń gbálẹ̀. Gbogbo àdúgbò bẹ̀rẹ̀ sí í yọjú. Kí ló fẹ́ fi ṣe? Ṣé irú èyí lè lé olè? Ẹni tó bá wá béèrè orúkọ ajá, màámi á wò ó lójú kọ́rọ́kọ́rọ́, á ní, "Kòkànyín." Obìnrin tó ń gbé òdìkejì òpópónà kò bá a sọ̀rọ̀ fún odindi ọdún kan nítorí orúkọ yìí. Inú màámi dùn sí i gan-an ni.

Ìyẹn ni màámi ìgbà yẹn. Ojú rẹ̀ fọ́ ní ọdún méjì sẹ́yìn. Lẹ́yìn tí ojú lọ, iyè rẹ̀ náà bẹ̀rẹ̀ sí í rá. Mo kó ẹrù mi, mo padà sílé, mo sọ yàrá iwájú di ṣọ́ọ̀bù irun, kí n lè máa gbọ́ ohùn rẹ̀ bí mo bá ń ṣiṣẹ́. Àbúrò mi, tó ń wa ọkọ̀ akẹ́rù, máa ń yà ní ìrọ̀lẹ́ láti bá mi gbé e láti orí àga lọ sórí bẹ́ẹ̀dì.

Ó ti lé ní oṣù mẹ́rin tí màámi ti ń fi "ẹ" bá mi sọ̀rọ̀. Èmi ọmọ tó bí! "Ẹ ṣeun o, ìyá." "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi bu omi." Bí ẹni ń bá àlejò sọ̀rọ̀. Lẹ́yìn náà, á wá na ọrùn síwájú, á ní, "Ẹ ò tíì rí ọmọ mi obìnrin? Onídìrí ni. Kò sẹ́ni tó mọ irun tó o." Ní ìbẹ̀rẹ̀, mo máa ń dáhùn pé, "Màámi, èmi nìyí." Ẹ̀rù á bà á, á fà sẹ́yìn, á máa pe àbúrò mi kó wá lé mi jáde. Mo jáwọ́. Tó bá ti béèrè mi, màá sọ pé mo ń bọ̀.

Ajá nìkan ló kù tó mọ̀. Tí ọwọ́ rẹ̀ bá ti wọ inú irun Kòkànyín báyìí, iwájú orí rẹ̀ á tú ká, ẹnu rẹ̀ á là, á máa jẹun. Bí ajá kò bá sí lórí itan rẹ̀, oúnjẹ yòówù kí ẹ gbé wá, kò ní yanu. Mo ti gbìyànjú rẹ̀ nígbà tí àìsàn mú ajá fún ọjọ́ méjì. Eyín ló fi há ṣíbí mọ́ mi lọ́wọ́. Ká má purọ́, irun ajá yẹn ni mo fi ń bọ́ ìyá mi.

Irun ọ̀hún ló wá di wàhálà. Nígbà tí ojú màámi ṣì dá, gbogbo Ọjọ́bọ̀ ló máa ń tẹ́ aṣọ àlòkù kan sórí tábìlì, á gbé Kòkànyín lé e, á bu páúdà sí i lára, á máa fi òòyà irin ya irun rẹ̀ láti ṣóńṣó dé ìdí, ní gbígbẹ, díẹ̀díẹ̀, títí kan abẹ́ ikùn àti abíyá. Ó lè gba wákàtí méjì. Ìgbà tí kò bá sí kókó kankan mọ́ ni omi tó lè kàn án. Mo máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́. "Màámi, ṣé èmi lẹ fẹ́ kọ́ níṣẹ́ irun?" Kò ní gbójú sókè. "Irun èèyàn lo mọ̀," á ní. "Irun ajá tó bá ti ta kókó, tí omi bá fi lè kàn án, ó di òkúta nìyẹn." Mo gbọ́ ọ lọ́pọ̀ ìgbà. Etí ni mo fi gbọ́ ọ.

Láti ìgbà tí ojú rẹ̀ ti lọ, èmi ni mo ń ya irun ajá, bí ẹ bá lè pe ìyẹn ní yíyà. Oníbàárà á wà lórí àga, màámi á máa pè, mo kàn ń fa òòyà kọjá lórí ẹ̀yìn rẹ̀ ni. Òkè ń dán, ìsàlẹ̀ ti lọ́ mọ́ra. Lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ sí í rùn.

Nọ́ọ̀sì tó ń wá wẹ egbò ìdí màámi, egbò tí ìjókòó àti ìdùbúlẹ̀ dá sí i lára, ló kọ́kọ́ la ọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti ọjọ́ Ẹtì ló máa ń wá. Ọmọbìnrin tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ ni, kì í sì í pẹ́ ọ̀rọ̀ sọ.

"Àǹtí," ó ní, "ajá yìí ń rùn. Egbò ìyá ò sì gbọdọ̀ kó ìdọ̀tí. Tí mo bá dé lọ́jọ́ Ẹtì tó ṣì rí báyìí, ẹ máa gbé e kúrò nílé o."

Inú bí mi. Kì í ṣe nítorí pé ó parọ́, nítorí pé òótọ́ ló sọ ni. Mo ní yóò mọ́. Mo ní irun niṣẹ́ mi.

Ní Ọjọ́bọ̀, oníbàárà méjì jókòó sí iwájú, wọ́n ń retí mi. Mo gbé Kòkànyín lọ sí balùwẹ̀, mo sì bu omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ sínú abọ́ ńlá. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ara mi. Nínú iṣẹ́ tèmi, irun tó bá le, tó lọ́, tí òòyà kò wọ̀, omi la fi ń rọ̀ ọ́. Ẹ ó fọ̀ ọ́, ẹ ó fi ìpara sí i, yóò sì tú sílẹ̀. Ogún ọdún ni mo ti ń ṣe bẹ́ẹ̀, kò já mi kulẹ̀ rí. Ọwọ́ mi kò tilẹ̀ bi mí léèrè kó tó ṣe é.

Àga màámi wà ní ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn balùwẹ̀. Ó gbọ́ ìró omi.

"Ìyá," ó ní, "ṣé ẹ ti ya irun ẹ̀ kẹ́ ẹ tó bomi sí i?"

"Mo ti yà á," mo dáhùn.

"Dé ìsàlẹ̀?"

"Dé ìsàlẹ̀, màámi."

Lẹ́yìn náà ó tún béèrè, ohùn rẹ̀ sì ti yí padà, ó ti di ohùn ẹni tó ń bẹ̀bẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́, abíyá ẹ̀ ńkọ́? Ẹ yà á?"

"Mo ní mo ti yà á!"

Obìnrin tí kò mọ ọjọ́ òní yàtọ̀ sí àná, tí kò mọ ọmọ tó bí, ó rántí èyí. Ajá tó máa sọnù, wọ́n ní kì í gbọ́ fèrè ọdẹ. Èmi gan-an lajá ọ̀hún.

Mo da omi sí Kòkànyín lára. Mo fi ọṣẹ sí i, mo fi ọmọ ìka mẹ́wẹ̀ẹ̀wá gbo ó bí mo ṣe ń gbo orí oníbàárà. Mo fi aṣọ ìnura nù ún, mo nù ún gírigíri. Mo gbé dírayà tí mo fi ń gbẹ irun wọn ní iwájú, mo fẹ́ ẹ gbóná sí i lára. Nígbà tó gbẹ tán, mo mú òòyà. Òòyà kò wọlé.

Mo fọwọ́ kàn án. Gbogbo irun abẹ́ rẹ̀ ti di ẹyọ kan ṣoṣo, ó le bí ẹní ìnusẹ̀ ẹnu ọ̀nà, ó sì ti fà mọ́ awọ ara rẹ̀. Tí mo bá fa irun, awọ á tẹ̀ lé e. Mo da òróró sí i. Mo da ìpara sí i. Mo mú òòyà onírù, mo ń fi ṣóńṣó rẹ̀ wá ọ̀nà. Ajá bẹ̀rẹ̀ sí í ké. Tí mo bá dáwọ́ dúró, á lá mi lọ́wọ́, bóyá ó rò pé èmi ni mo ń gbà á lọ́wọ́ ohun tó ń dùn ún. Lẹ́nu ọ̀nà, màámi ń pariwo, "Kí lẹ ń ṣe fún un? Ìyá, kí lẹ ń ṣe fún un?" Oníbàárà kan yọjú, ó wo ọwọ́ mi, ó ní òun á padà wá lọ́la. Ti ìkejì, mo kàn gbọ́ tí ilẹ̀kùn pa dé ni.

Mo gbé sísọ́ọ̀sì, mo fi gé ẹ̀gbẹ́ irun náà, ó sì kan awọ. Ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ jáde. Ìgbà yẹn ni mo mọ̀ pé ó ti tán. Mo lọ mú ẹ̀rọ tí mo fi ń fá ẹ̀yìn ọrùn àwọn oníbàárà, mo sì bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀yìn rẹ̀.

Irun náà bọ́ lódindi, bí ìgbà tí èèyàn bọ́ ẹ̀wù. Ohun tó kù lọ́wọ́ mi kò ju adìyẹ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tu ìyẹ́ rẹ̀ lọ, ó pọ́n, ó ń gbọ̀n. Mo gbé ẹsẹ̀ iwájú rẹ̀ sókè, mo sì rí i pé egbò wà ní abíyá rẹ̀, egbò tó ti pẹ́. Kókó irun ti ń jẹ ẹ́ láti oṣù mélòó kan. Òórùn tí à ń gbọ́, ibẹ̀ ló ti ń wá. Ojoojúmọ́ ni mo ń gbé ajá yẹn lé itan ìyá mi, n kò sì rí i. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ balùwẹ̀, mo sì kórìíra ara mi.

Nígbà tí àbúrò mi dé ní ìrọ̀lẹ́, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà.

"Kí lèyí?"

"Kòkànyín ni."

"Irọ́ ni." Ó bú sẹ́rìn-ín. Nígbà tó rí ojú mi, ẹ̀rín náà gbẹ. "Ẹ̀gbọ́n mi, kí ni màámi máa fi jẹun?"

A gbìyànjú. Mo rẹ búrẹ́dì sínú mílíìkì, mo gbé ajá lé itan rẹ̀. Ọwọ́ màámi sọ̀ kalẹ̀ bí ó ti máa ń sọ̀ kalẹ̀, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ìka rẹ̀ ti là sílẹ̀ láti wọ inú irun. Ó kan awọ. Ìka náà dúró. Ó tún lọ síwájú, ó kan egungun ẹ̀yìn, ó kan egungun ìhà.

"Eku!" ó ké. "Ẹ gbé eku yìí kúrò lára mi!"

Ó fi gbogbo agbára tó kù lára rẹ̀ tì í. Kòkànyín já lulẹ̀. Ó dìde, ó tún padà wá, ó gbé ẹsẹ̀ méjì lé orúnkún rẹ̀, ó ń lá ọwọ́ rẹ̀. Màámi fi ọwọ́ náà gbá a lẹ́nu. Ọdún mọ́kànlá ni wọ́n ti jọ ń gbé, kò nà án rí. Ajá náà wọ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì lọ, kò sì jáde mọ́.

"Ẹ ti pa ajá mi," màámi ní. Kò pariwo. "Mo mọ̀. Ẹ ti pa á."

Kò jẹun lálẹ́ ọjọ́ náà. Kò jẹun láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì. Nọ́ọ̀sì dé, ó tẹ̀ ba, ó wo abẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó ní, "Ẹ̀n-ẹ́n, ó ti mọ́ báyìí." Ó fi oògùn sí egbò ajá. Lẹ́yìn náà ló rí abọ́ oúnjẹ. Ó fa awọ ẹ̀yìn ọwọ́ màámi sókè, awọ náà dúró sókè, kò padà sílẹ̀.

"Àǹtí, kí omi máa kan ètè ẹ̀ o. Tí ò bá jẹ nǹkan kan títí di Mọ́ńdè, ọsibítù ni. Wọ́n á ti rọ́bà oúnjẹ bọ̀ ọ́ nímú."

Mo mọ rọ́bà yẹn. Ó wà nímú bàbá wa fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Nítorí pé ó ń fà á yọ, wọ́n de ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì mọ́ irin bẹ́ẹ̀dì, bẹ́ẹ̀ ló sì ṣe kú. Lọ́jọ́ tí a sin ín, màámi di ọwọ́ mi mú. Ó ní, "Èmi o, ẹ ò gbọdọ̀ dè mí. Ṣèlérí fún mi." Mo ṣèlérí. Èmi nìkan ló ní kí n ṣe é, kò ní kí àbúrò mi ṣe é.

Ní Sátidé, mo ṣe ohun tí ẹni tórí ẹ̀ pé kò ní ṣe. Mo mú irun àtọwọ́dá funfun tí mo máa ń dì fún àwọn ìyá àgbà, mo rán an mọ́ síńgílẹ́ẹ̀tì ọmọdé kan, mo fa ajá jáde lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, mo sì wọ̀ ọ́ sí i lọ́rùn. Àbúrò mi kò mọ̀ bóyá kí òun rẹ́rìn-ín tàbí kí òun sunkún. A gbé e lé itan màámi. Ọwọ́ rẹ̀ wọ inú irun náà. Ìka rẹ̀ rìn lọ, ó rìn bọ̀, ó wá kan ojú òwú tí mo fi rán an.

"Irun ọjà nìyí," ó ní. "Ọmọ mi ń ta irú ẹ̀. Ẹ dá a padà fún un."

Mo bọ́ síńgílẹ́ẹ̀tì náà kúrò lọ́rùn ajá, ó sì padà sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Nígbà tó di ọ̀sán, ètè màámi ti là, ó ti ń sọ ọ̀rọ̀ tí kò já síbì kan.

Lóru, mo jókòó síwájú dígí ṣọ́ọ̀bù, mo sì tú gèlè mi. Orí gbogbo ayé ni mo ń ṣe, n kì í fi bẹ́ẹ̀ wo tèmi. Ìgbà tí mo ti wà ní ọmọge ni mo ti ń fi ìpara na irun mi; ó gùn dé èjìká, ó rọ̀, funfun sì ti pọ̀ nínú rẹ̀. Mo wò ó pẹ́.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Àìkú, mo tẹ́ aṣọ àlòkù Kòkànyín sórí tábìlì. Mo mú òòyà irin màámi. Mo bu páúdà sí irun mi, irú èyí tó máa ń bù sí ajá, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í yà á, ní gbígbẹ, láti ṣóńṣó dé ìdí, díẹ̀díẹ̀, títí kókó kan ṣoṣo kò fi kù. Ó gbà mí ní wákàtí méjì. Àbámọ̀ ní í gbẹ̀yìn ọ̀ràn. Ní ọjọ́ yẹn ni mo tó ṣe é bó ṣe kọ́ mi.

Mo kúnlẹ̀ síwájú àga rẹ̀. Mo fi aṣọ ajá bo èjìká mi, nítorí òórùn rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀. Mo gbé orí mi lé itan rẹ̀, mo dojú dé orúnkún rẹ̀. Àbúrò mi dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa pẹ̀lú abọ́ búrẹ́dì, n kò jẹ́ kí ojú wa pàdé.

Ó pẹ́ kí ọwọ́ náà tó sọ̀ kalẹ̀. Ó wúwo díẹ̀, ó gbẹ, ó gbóná. Ó wọ inú irun mi. Ó dúró. Lẹ́yìn náà ó rìn.

"Kòkànyín," màámi ní. "Kòkànyín, níbo lo lọ?"

Ìka rẹ̀ lọ sí ẹ̀yìn etí mi, níbi tí kókó ti máa ń pọ̀ jù lára ajá, ó wá a, kò rí i. "Wọ́n yà ọ́ dáadáa," ó ní. Ó ń fi ìka ya irun mi sí méjì méjì, bó ṣe máa ń ṣe nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún mẹ́fà, tí mo ń jókòó sáàárín ẹsẹ̀ rẹ̀. Omi ojú mi ń rin aṣọ rẹ̀. Mo há ètè mi mọ́ eyín kí ohùn má bàa jáde. Mo ti ṣàárò ọwọ́ yẹn débi pé n kò bìkítà ẹni tó fi mí pè.

Àbúrò mi na ṣíbí. Màámi yanu. Ó gbé e mì. Ìkejì. Ìkẹta.

Orúkọ tó pè ti dé abẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Kòkànyín jáde, ó ń ju ìrù rẹ̀ tó ti di bí okùn, ó ń bọ̀ wá sọ́dọ̀ ẹni tó pè é. Ó fi imú kan ẹsẹ̀ màámi. Mo na ọwọ́ jáde lábẹ́ aṣọ, mo sì tì í kúrò. Ó tún padà. Mo tún tì í. Nígbà kẹta, ó jókòó sí ibi tí mo tì í dé, ó ń wo orí mi lórí itan ìyá rẹ̀.

Lẹ́yìn ṣíbí keje, màámi tẹ̀ síwájú títí èémí rẹ̀ fi kan etí mi.

"Gbọ́," ó sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Má sọ fún ẹnì kankan o. Obìnrin tó wà nílé yìí, kì í ṣe èèyàn dáadáa. Mo bi í lẹ́ẹ̀mẹta ṣé ó ti ya irun ẹ, ó parọ́ fún mi. Mo gbọ́ bó o ṣe ń ké níbẹ̀ yẹn. Mo ń gbọ́, mi ò sì lè dìde." Ó fọwọ́ pa mí lórí. "Fọkàn balẹ̀. Tí ọmọ mi bá dé, màá fẹjọ́ ẹ̀ sùn ún. Ọmọ mi ò ní gbà fún un. Á lé e jáde."

Àbúrò mi ti yí ojú sí ògiri. Mo fọwọ́ kàn án lẹ́sẹ̀ kó má bàa dúró, ó sì bu ṣíbí kẹjọ.